Àtàǹpàkò Kò Gbọdọ̀ Dúró: Bí A Ṣe Ń Fi Ìka Méjì Ta Gìtá Ẹlẹ́mu àti Blues

Àwọn ọmọ tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Àkúrẹ́ mọ kọ́ọ̀dù (ohùn bíi mẹ́ta tó ń dún pọ̀) ju èmi tí mò ń kọ́ wọn lọ. Ẹ ní kí wọ́n yí kíì láti C sí E-flat lójijì, wọn ò ní ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ gba píìkì, ike tí wọ́n fi ń ta okùn, lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ní kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò rin béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, lọ, kí wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá ta orin lé e lórí bí àwọn àgbà ṣe ń ta á nílé ẹlẹ́mu. Kò ní pẹ́ tí nǹkan á fi dàrú. Gbàrà tí ìfábẹ̀lá bá bẹ̀rẹ̀ orin, àtàǹpàkò á gbàgbé iṣẹ́ tirẹ̀, á máa tẹ̀ lé e kiri bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń kọ́ blues, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, lórí YouTube. Wọ́n ti kó ẹ̀ṣọ́ apá òkè jọ, ọwọ́ wọn ń sáré, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí onílù bá dúró pẹ́nrẹ́n, orin ti tán nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́ méjèèjì pọ̀. Irú àtàǹpàkò kan náà ló wà lábẹ́ gìtá ẹlẹ́mu àti blues àtijọ́. Ẹni tó bá ti fìdí ọ̀kan múlẹ̀ ti gba ìdajì ìkejì. Ẹ fún un ní bí oṣù méjì, ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Kí n tó gbàgbé: ta gìtá ni mo ní o, kì í ṣe tà. Bí owó bá wọ́n débi pé ẹ fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ pè mí.

Ohun tí ẹ máa lò

Gìtá onípákó tí kò lo iná, tó ní okùn irin mẹ́fà. Ẹ ra okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí okùn kìíní rẹ̀ jẹ́ 0.011 tàbí 0.012; àwọn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ á dá yín lágara nígbà tí a bá dé ibi tí a ti ń fi ìka ti okùn sí ẹ̀gbẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè ga. Bí gìtá yín bá jẹ́ olókùn rọ́bà, ẹ lè lò ó títí dé ipele karùn-ún.

Fóònù tó ní tuner (tó ń sọ bóyá okùn wà ní ohùn), metronome (tó ń ka ìró déédéé) àti ohun tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Agogo. Bí kò bá sí, ìgò òfìfo àti ṣíbí tó.

Ọrùn ìgò tí a ti fi ìwé ìyanrìn họ ẹnu rẹ̀ dáadáa, tàbí páìpù irin kékeré tó wọ ọmọńdinrín yín. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ọjà Ọba ní ojú spánà tó dára fún un. Ẹ wọ̀ ọ́ sí ìka kí ẹ tó sanwó, ẹ má jẹ́ kí ojú ti yín.

Ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó sì ní sùúrù. Ẹ máa mọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe nígbà tó bá yá.

Píìkì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi sínú àpótí.

Ipele 1: Ẹ yí okùn sí ohùn

Okùn tó tín-ín-rín jù là ń pè ní okùn kìíní. Èyí tó nípọn jù ni ìkẹfà. Ọ̀pọ̀ ń kà á láti òkè wá, torí pé okùn tó nípọn ló sún mọ́ ojú wọn. Bí ẹ bá kà á bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá sọ láti ibí lọ á di òdì.

Láti ìkẹfà sí ìkíní: E, A, D, G, B, E. Ẹ rí i pé tuner yín wà ní 440, ìyẹn ohùn A tí a fi ń wọn àwọn yòókù. Okùn karùn-ún, A, á wá máa gbọ̀n nígbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí okùn bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tún wá fà á gòkè. Okùn tí a dẹ̀ tí a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Kí orin kejì tó parí, ó ti sọ̀kalẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n á yí okùn tán, wọ́n á gbé gìtá sínú bútù mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n á wá máa bú tuner. Oòrùn àti ọyẹ́ ń ṣiṣẹ́ lára pákó. Lákòókò ọyẹ́, ẹ yí i ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún yí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pa tuner. Ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret karùn-ún (fret ni àlàfo àárín àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá, láti ibi orí rẹ̀ la ti ń kà á). Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá okùn karùn-ún òfìfo, èyí tí ìka kò tẹ̀, mu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti karùn-ún sí ìkẹrin, àti láti ìkẹrin sí ìkẹta. Láti ìkẹta sí ìkejì nìkan ló yàtọ̀: fret kẹrin ni. Láti ìkejì sí ìkíní, ẹ padà sí fret karùn-ún. Bí ohùn méjèèjì bá ń jà, tó ń dún wọ́ọ̀n-wọ́ọ̀n-wọ́ọ̀n, ó ṣì ku díẹ̀.

Ipele 2: Àtàǹpàkò nìkan

Ẹ di kọ́ọ̀dù C mú: okùn karùn-ún ní fret kẹta, ìkẹrin ní fret kejì, ìkejì ní fret kìíní. Àtàǹpàkò á ta karùn-ún, á ta ìkẹrin, á padà sí karùn-ún, á tún ta ìkẹrin. Kò sí ohun mìíràn. Ẹ gbé metronome sí 60, kí títa kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí ìró kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yín, lápá ọmọńdinrín, fara kan okùn béèsì fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ àyà gìtá. Béèsì kò ní máa hó mọ́, á máa dún dù, dù, dù, bí ẹni ń gún iyán ní ilé kejì. Ará Oǹdó kò ní bi mí léèrè irú ìró tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ fi kọ́ọ̀dù méjì kún un. F kékeré: okùn kẹrin ní fret kẹta, ìkẹta ní fret kejì, ìkejì àti ìkíní ní fret kìíní, àtàǹpàkò á máa lọ láàárín ìkẹrin àti ìkẹta. G: okùn kẹfà ní fret kẹta, karùn-ún ní fret kejì, ìkíní ní fret kẹta, àtàǹpàkò á máa lọ láàárín ìkẹfà àti ìkẹrin òfìfo.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n ń sá kúrò níbí lọ́jọ́ kìíní, torí pé kò dùn. Èmi náà sá. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó kan ní ìlú Oǹdó, iná lọ, ẹ̀rọ kíbọ́ọ̀dù kú, gbogbo ojú wá ń wo èmi tí mo ní gìtá tí kò lo iná. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bí mo ṣe fi orin lé e báyìí, àtàǹpàkò mi dúró láti gbọ́ ohun tí ìfábẹ̀lá ń sọ. Onígángan wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó gba orin náà lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sórí ipele yìí fún gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* metronome kọ́ ni ìdánwò ibí yìí, kíkí ni. Ẹ máa ta á lọ. Nígbà tí ẹnì kan bá wọlé, ẹ kí i. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ń kọ́?" Bí àtàǹpàkò bá kọsẹ̀ níbi "àwọn ọmọ ń kọ́", ẹ ṣì wà ní ipele kejì. Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni mo gbà pé kó dá a dúró.

Ipele 3: Ìfábẹ̀lá wọlé

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ṣe é. Àtàǹpàkò ni *dù*, ìfábẹ̀lá ni *tín*. Ẹ pín bar kan, ìyẹn ìró metronome mẹ́rin, sí ojú mẹ́jọ. *Dù* ń bọ́ sí ojú 1, 3, 5 àti 7, kò sì ní yẹsẹ̀ títí ayé. *Tín* ń bọ́ sí ojú 4 àti 6:

dù — dù tín dù tín dù —

Ẹ wí i títí ẹnu yín yóò fi máa wí i fúnra rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́, nígbà tí ẹ bá wà lórí ọ̀kadà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi kan gìtá: C lọ́wọ́ òsì, àtàǹpàkò láàárín karùn-ún àti ìkẹrin, ìfábẹ̀lá lórí okùn kìíní òfìfo nìkan.

Bó bá ti dúró, ẹ jẹ́ kí *tín* máa kọrin. Ẹ̀yin ọmọ akọrin, dò rè mí yín rèé ní kíì C: dò wà lórí okùn kejì ní fret kìíní, rè, okùn kan náà ní fret kẹta, mí, okùn kìíní òfìfo, fà, okùn kìíní ní fret kìíní, sò, okùn kìíní ní fret kẹta. Sò ti ìsàlẹ̀ ni okùn kẹta òfìfo, là sì wà níwájú rẹ̀ ní fret kejì. Ẹ mú orin àwọn ọmọdé kan tí ẹ mọ̀ láti kékeré, ẹ wá a jáde ní ojú 4 àti 6 nìkan. Bó ti wù kó rí, ẹ má kó o lé orí àtàǹpàkò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* ìka kẹta máa ń fẹ́ yọjú. Àwọn tó ti kọ́ gìtá ìwé máa ń fẹ́ lo ìka àárín àti ìka òrùka. Kò burú níbòmíràn, ṣùgbọ́n níbí á ba ìró náà jẹ́, torí ìfábẹ̀lá tó ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń fún orin ní ìgbẹ́sẹ̀ gátegàte yẹn. Àwọn Kru, atukọ̀ ará Liberia, ló gbé títa ìka méjì yìí kiri etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, láti èbúté dé èbúté. Nígbà tí Tunde King ń gba jùjú sílẹ̀ ní Èkó ní 1936, ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ, ẹ má fetí sí orin. Àtàǹpàkò nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ *dù* àti *tín* tí wọ́n dún pa pọ̀, ibẹ̀ ni ẹ ti ṣubú.

Ipele 4: Agogo

Kí ẹlòmíràn máa lu agogo, tàbí kí ẹ gbà á sílẹ̀ kí ẹ máa ta gìtá lé e. Bar méjì ni ojú 16. Agogo ń dún ní ojú 1, 4, 7, 11 àti 13: mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì.

Ẹ fi wé àtàǹpàkò yín. Ojú 1, 7, 11 àti 13, agogo àti àtàǹpàkò jọ ń dún ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni agogo bọ́ sí àárín, ní ojú kẹrin. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣubú, ibẹ̀ náà sì ni *tín* yín àkọ́kọ́ wà. Ìfábẹ̀lá àti agogo jọ ń dún níbẹ̀, àtàǹpàkò nìkan ni kò dún. Tí ẹ bá ti gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé níbẹ̀, ara yín á mọ̀ ọ́n kí orí yín tó mọ̀ ọ́n.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní kí alágogo dákẹ́ fún bar mẹ́rin, kó máa kà á lọ́kàn, kó tún wọlé. Bí ẹ bá pàdé, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ipele 5: Òrùka àti méjìlá

Ibí ni ọ̀nà ti pín sí méjì, àtàǹpàkò sì ń gba méjèèjì.

Òrùka ẹlẹ́mu: C fún bar kan, F fún bar kan, C, G, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kò ní òpin. Ẹni tó ń mu ẹmu kò bìkítà ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú mẹ́jọ tí ẹ pín bar sí dọ́gba, *tín* wà ní àárín *dù* méjì gééré. Ẹ gbé metronome sókè, márùn-ún márùn-ún, títí dé bí 100.

Blues: bar méjìlá, ó sì ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí. Ẹ gbé e sí kíì E. E7 fún bar mẹ́rin. A7 fún méjì. E7 fún méjì. B7 fún ọ̀kan. A7 fún ọ̀kan. E7 fún méjì. Ẹ rántí pé kọ́ọ̀dù 1, 4, 5 tí ẹ ń lò nínú ìyìn ní ọjọ́ Àìkú náà ni: E, A àti B. Ohun méjì ló yí padà. Èkíní, àtàǹpàkò kò rìn mọ́, ojú kan ló ń gún: okùn kẹfà òfìfo fún E7, karùn-ún òfìfo fún A7, karùn-ún ní fret kejì fún B7. Èkejì, *tín* ń pẹ́ dé. Ẹ pín àárín *dù* kan sí *dù* kejì sí mẹ́ta, kí *tín* bọ́ sí ìdá kẹta. Ó ń dún bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn tó ń rìn lọ sóko: *dùùù-tín dùùù-tín.*

Kì í ṣe gbogbo blues ni àtàǹpàkò ti ń gún lójú kan. Mississippi John Hurt gba orin sílẹ̀ ní 1928, ayé gbàgbé rẹ̀, wọ́n tún wá a rí ní 1963. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín okùn béèsì gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ kọ́ ní ipele kejì. Ọdún 1928 kan náà ni Jacob Sam àti Kumasi Trio rẹ̀, láti Gold Coast tó di Ghana lónìí, gba orin gìtá tiwọn sílẹ̀ ní London. Ẹ fi àwọn méjèèjì sórí fóònù, ẹ gbọ́ wọn tẹ̀ léra, kí ẹ má wo orúkọ. Mo ti dán an wò fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ni tiwa?"

Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn sọ fún yín pé jùjú ló bí blues. Nígbà tí wọ́n ń ta blues ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, jùjú kò tí ì lórúkọ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé etí wọn àti ọwọ́ wọn lọ, gìtá sì bá àwọn tó kù nílé lẹ́yìn náà, láti ọwọ́ atukọ̀. Ọmọ ìyá tí wọn kò jọ dàgbà nínú ilé kan ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà á o.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* bar kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Wọ́n á dé B7, wọ́n á sá padà sí E7, wọ́n á fo A7. Òmíràn sì ni pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kò lè rí àlàfo kí wọ́n má ki kọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi E7 sílẹ̀ kó jókòó fún bar mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó lé yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ta òrùka ẹlẹ́mu lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ bọ́ sí méjìlá blues láìdúró, kí ẹ tún padà. Ẹ̀ẹ̀kan tí *dù* bá ṣá, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ipele 6: Kí gìtá sọ̀rọ̀

Mo fẹ́ràn ipele yìí ju gbogbo wọn lọ, ìwé gìtá tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun kò sì lè kọ́ yín, torí àwọn tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ dúró sórí E. Àtàǹpàkò á máa gún okùn kẹfà òfìfo láìyí kọ́ọ̀dù kankan. Bẹ́ẹ̀ ni John Lee Hooker, oníblues ọmọ Mississippi, ṣe máa ń pẹ́ lórí ojú kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni onígìtá Ali Farka Touré, tí wọ́n bí ní 1939 tó sì dàgbà ní Niafunké létí odò Ọya ní Mali. Touré kò gbà pé òun ya ohunkóhun lọ́wọ́ blues. Ilé òun ló ní ó ti jáde. Ẹ wá àwo tí òun àti Ry Cooder, onígìtá ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe ní 1994, *Talking Timbuktu*, kí ẹ fetí sí bí ilẹ̀ kò ṣe kúrò lábẹ́ orin náà.

Ní báyìí, àmì ohùn tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé: dò, re, mí. Dò ni okùn kẹta ní fret kejì. Re ni okùn kejì òfìfo. Mí ni okùn kejì ní fret kẹta. Pẹ̀lú mẹ́ta yìí, ẹ lè sọ ohunkóhun. "Bá mi délé": mí re mí mí. "Ẹ kú ọjọ́": re mí re mí. Ẹ wí i lẹ́nu, kí ẹ ta á, kí ẹ tún wí i. Ẹnu ló ń ṣáájú ìka.

Nígbà náà ni kí ẹ gbìyànjú "ọ̀rẹ́ mi": dò mí re. Bí ẹ bá ta á gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dún bíi ti ẹni tó kọ́ Yorùbá lágbà. Ẹ tún un wí lẹ́nu jẹ́jẹ́, ẹ máa gbọ́ pé "rẹ́" kò fò sókè. Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń gun òkè bọ̀, torí ohùn ìsàlẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn nínú èdè wa nígbàkígbà tí mí bá tẹ̀ lé dò. Tí dò bá tẹ̀ lé mí, ohùn á wálẹ̀ ní yíyọ̀: ẹ pe "rárá", kí ẹ pe "rárà", ẹ máa gbọ́ bí ti ìkejì ṣe ń yọ̀ bọ́.

Gígun òkè yẹn gan-an ni oníblues ń wá nígbà tó bá ti okùn. Ẹ tẹ okùn kejì ní fret kejì pẹ̀lú ìka méjì, kí ẹ tì í lórí pákó títí yóò fi dún bíi ti fret kẹta. Bó bá le jù, ẹ yọ ìka láti fret kejì sí ìkẹta láìgbé e. Ẹ ti sọ "ọ̀rẹ́" bí ọmọ Yorùbá nìyẹn, ẹ sì ti ta blues láìmọ̀.

Ohùn kan tún kù tí kíbọ́ọ̀dù kò ní. Mí ti akọrin ní kíì E ni G-sharp. Mí ti blues kò dé ibẹ̀, kò sì dúró sí G. Àárín wọn ló ń gbé. Ẹ tẹ okùn kìíní ní fret kẹta, kí ẹ tì í díẹ̀ péré. Àwọn ọmọ tó bá fi kíbọ́ọ̀dù dàgbà máa ń yọ ojú sí mi pé ohùn ti bà jẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi onígángan tó ń fi apá há awọ mọ́ ìhà bóyá ó bà jẹ́.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* wọ́n ń ti okùn ní gbogbo ibi, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń yọ̀ lẹ́nu ni kí okùn ti yọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ pe onísùúrù yín. Ẹ ní ọ̀kan nínú mẹ́rin lẹ máa ta: ọkọ tó fẹ́yàwó (re re), ọkọ́ oko (re mí), ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìdànrè (re dò), tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ (dò dò). Kí ó sọ èyí tí ẹ ta. Ẹ kọ́kọ́ dá àtàǹpàkò dúró: á máa ṣi ọkọ àti ọ̀kọ̀ mú, torí ohùn méjì tó dọ́gba ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹ wá jẹ́ kí béèsì máa gún lábẹ́ rẹ̀, kí ó gbọ́ gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún dán an wò. Ẹ máa rí iṣẹ́ tí àtàǹpàkò ń ṣe láti àtàárọ̀.

Ipele 7: Ọrùn ìgò

Ẹ yí okùn mẹ́ta wálẹ̀: ìkẹfà láti E sí D, karùn-ún láti A sí G, ìkíní láti E sí D. Ó di D, G, D, G, B, D. Ẹ má fa okùn kankan gòkè fún èyí. Bí ó bá já, ojú ló ń lọ bá.

Ọrùn ìgò á wọ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Ẹ má tẹ okùn mọ́ pákó. Kí ìgò kàn fara kàn án. Orí irin fret gan-an ni kó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ìka máa ń wà. Ẹ fi àwọn ìka yòókù pa okùn lẹ́yìn ìgò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún jìn-ìn-jìn bí ọ̀kadà tí sàláńsà rẹ̀ ti jẹ. Òfìfo ni 1, fret karùn-ún ni 4, fret keje ni 5, fret kejìlá tún ni 1. Àtàǹpàkò? Okùn karùn-ún àti ìkẹrin, bí i ti àtẹ̀yìnwá.

W.C. Handy, olórin blues ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé òun rí ọkùnrin kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Tutwiler, Mississippi, ní nǹkan bí 1903, tó ń fi ọ̀bẹ tẹ okùn gìtá. Lọ́dọ̀ tiwa, King Sunny Adé, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọmọ aládé ìlú Oǹdó, ló mú gìtá Hawaii wọ jùjú. Demola Adepoju ló ń ta á nínú àwo *Juju Music* ti 1982. Ìyẹn ń lo irin, orí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ń jókòó lé, ṣùgbọ́n ẹkún tó ń sun kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́bẹ yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ta okùn kìíní òfìfo, kí ẹ fi ìgò lé fret kejìlá rẹ̀. Ohùn kan náà ni, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń jà, ìgò yín ti wọ́ kúrò lórí irin.

Ẹ yí okùn padà kí ẹ tó gbé gìtá kọ́. Ẹni tó bá mú un lọ sí ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìyí i padà á ní ìtàn láti sọ.

Ipele 8: Lílé àti ègbè

Ẹ wá ìlà ọ̀rọ̀ kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́sẹ̀ yìí: owó ọkọ̀ tó gbówó lórí, onílé, iṣu tó jóná. Ẹ kọ ọ́ lórí E7. Ẹ tún un kọ lórí A7. Ẹ fi ìlà mìíràn dáhùn lórí B7. Méjìlá ti pé. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹnu mọ́ kí ìfábẹ̀lá gbè é, ní àmì ohùn ìlà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Iṣẹ́ tí gángan ń ṣe lẹ́yìn olórin jùjú nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí òrùka ẹlẹ́mu náà. Níbẹ̀, ẹ lè tún ìlà kan kọ títí tí àwọn tó jókòó yóò fi gbà á lẹ́nu yín.

Bí ẹ bá jẹ́ ará Àkúrẹ́, ará Oǹdó tàbí ará Ìdànrè, ẹ fi èdè ilé yín kọ ọ́. Orlando Owoh kọ orin pẹ̀lú ẹnu Ọ̀wọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2008, kò sì sí apá ilẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti jó o. Àmì ohùn ilé yín lè má bá ti ìwé mu. Bí ìyá yín bá ṣe ń pè é ni kí ìfábẹ̀lá pè é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé gìtá lọ síbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlẹ́mu, kí ẹ jókòó sí igun. Ẹ má sọ pé ẹ ń kọ́ ọ. Ẹ ta á fún ìdajì wákàtí, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó lábẹ́ tábìlì. Bí ẹsẹ̀ wọn bá ń lu ilẹ̀ pẹ̀lú *dù*, ẹ máa ta lọ. Bí ó bá jẹ́ *tín* ni wọ́n ń lé kiri, ẹ ra ẹmu wọn fún wọn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ipele kejì lọ́la.